Orin Inú Fíìmù: Bí Ó Ṣe Ń Darí Ọkàn Ẹni Tó Ń Wò Ó

Bí fíìmù bá parí, ohun tí a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni ohun tí ojú wa rí: bí òṣèré kan ṣe sọkún, bí ọba burúkú ṣe ṣubú, bí ọmọ tó sọnù ṣe padà délé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu kan orin tó ń dún lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, orin yẹn ló sọ fún wa ìgbà tó yẹ kí àyà wa já, ìgbà tó yẹ kí omijé bọ́ lójú wa, àti ẹni tó yẹ kí a fẹ́ràn tàbí kí a kórìíra. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin inú fíìmù rí. Gbogbo wa là ń jó o, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé òun ń jó.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn eré lásán. Fíìmù ti di ohun tí a ń wò nínú ilé, nínú ọkọ̀ èrò, lórí fóònù àwọn ọmọ wa, àti nínú gbọ̀ngàn ìjọ pẹ̀lú, pàápàá ní àkókò Àjíǹde àti Kérésìmesì. Ohun tó bá lè mú wa sọkún láìjẹ́ pé a mọ ìdí rẹ̀, ó lè mú wa gba irọ́ gbọ́ láìjẹ́ pé a mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Báwo ni orin ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú fíìmù? Kí ló fún un ní agbára tó bẹ́ẹ̀? Kí ló sì yẹ kí àwa tí à ń wò ó, àti àwọn tó ń ṣe fíìmù láàárín wa, máa kíyè sí?

ORIN TI WÀ NÍBẸ̀ KÍ Ọ̀RỌ̀ TÓ DÉ

Ní oṣù December ọdún 1895 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière ṣe àfihàn sinimá wọn fún àwọn tó sanwó wá wòran nílùú Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwòrán inú sinimá ń rìn, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Àmọ́ gbọ̀ngàn sinimá kò dákẹ́. Ẹnì kan á jókòó ti píánò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí wọ́n ń tan àwòrán sí, á máa wo bí eré ṣe ń lọ, á sì máa tẹ orin tó bá a mu. Ní àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá, odindi ẹgbẹ́ àwọn onífèrè àti onílù ló máa ń wà níbẹ̀. Ní ọdún 1908, Camille Saint-Saëns, gbajúmọ̀ olùkọ-orin ará Faransé, kọ orin pàtó fún fíìmù kan tó dá lórí bí wọ́n ṣe pa ìjòyè ńlá kan láyé àtijọ́, Duke ti Guise.

Nígbà tí The Jazz Singer jáde ní ọdún 1927, tí àwọn òǹwòran gbọ́ ohùn òṣèré láti inú fíìmù, èèyàn lè rò pé iṣẹ́ olórin ti tán. Òdì kejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1933, Max Steiner kọ orin fún King Kong, ìtàn ìnàkí ràgàjì kan. Ère kékeré onírun ni ìnàkí náà ní ti gidi, ṣùgbọ́n orin Steiner sọ ọ́ di ẹ̀dá tí òǹwòran ń bẹ̀rù, tí àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe wọ́n nígbà tó kú. Láti ìgbà náà ni àwọn olùdarí fíìmù ti mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ń bá òye wí, orin ń bá ọkàn wí.

Ní ilẹ̀ tiwa, orin ni ìyá tó bí eré. Ní ọdún 1944, Hubert Ògúndé gbé eré kan tó dá lórí Ọgbà Édẹ́nì jáde ní Èkó fún ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládùúrà, orin ló sì fi gbé ìtàn náà ró. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó tó tẹ̀ lé e kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìkọ́kọ́ fi orin júbà. Nígbà tí irú àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀ wá bọ́ sínú fíìmù, tí Ọlá Balógun sì ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976, orin bá wọn wọ ibẹ̀. Kò sí ìdí tí yóò fi ṣe wá ní kàyéfì pé òǹwòran Yorùbá a máa fi etí wo fíìmù bó ti ń fi ojú wò ó.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ ORIN Ń GBÀ WỌ ỌKÀN

Ọ̀nà kìíní ni ara. Kí ọpọlọ tó ronú nípa ohun tí etí gbọ́, ara ti dáhùn. Ìró tó ṣàdédé bú jáde a máa mú ara ta gìrì. Ìró tó falẹ̀, tó sì rọlẹ̀, a máa mú èémí balẹ̀. Ní ọdún 2010, Daniel Blumstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà tó ti ń ṣèwádìí igbe àwọn ẹranko, òun pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ yẹ ìró inú fíìmù 102 wò. Wọ́n rí i pé àwọn fíìmù adẹ́rùbani a máa lo ìró háhá tó jọ igbe tí ẹranko máa ń ké nígbà tí ewu bá dé bá a. Ẹ̀dá ti mọ igbe yẹn láti ilẹ̀ wá. Kò sí ẹni tó kọ́ ìyá láti fò dìde nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá figbe ta lóru.

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lọ ni Psycho, tí Alfred Hitchcock darí ní ọdún 1960. Bernard Herrmann ló kọ orin rẹ̀, ohun èlò olókùn nìkan ló sì lò: kò sí ìlù, kò sí fèrè. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti gún obìnrin kan pa nínú bálùwẹ̀, Hitchcock ti pinnu pé kò ní sí orin kankan níbẹ̀. Herrmann kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ó mú kí gòjé òyìnbó máa ké fínfín léraléra bí ẹyẹ tí ọwọ́ ọdẹ tẹ̀. Nígbà tí Hitchcock gbọ́ ọ, ó yí ìpinnu rẹ̀ padà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò wo fíìmù náà rí ló mọ ìró yẹn, tí ó sì ń mú ara wọn bù.

Ọ̀nà kejì ni ìrántí. Orin kì í dá wá. Ó máa ń kó ibi tí a ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ dání. Bí ìlù gbẹ̀du bá dún nínú fíìmù, Yorùbá mọ̀ pé ọba ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kéde rẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó, ọkàn ìyá tó ti fa ọmọ fọ́kọ rí á gbọgbẹ́, nígbà tí àlejò láti ilẹ̀ mìíràn yóò kàn gbọ́ ohùn dídùn. Bí dùùrù bá rọra tẹ orin ìsìnkú kan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ẹni tí wọ́n kọ orin náà níbi òkú baba rẹ̀ á tún bá ara rẹ̀ létí sàréè. Fíìmù kò dá ìbànújẹ́ náà sílẹ̀. Ó yá a lọ́wọ́ wa ni, ó sì fi kún ìtàn tirẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ìfojúsọ́nà. Bí orin kan bá dún lẹ́ẹ̀mejì tí nǹkan kan náà sì tẹ̀ lé e, nígbà kẹta ọkàn yóò ti máa retí rẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì McGill ní Kánádà fi hàn pé bí orin tí ènìyàn fẹ́ràn bá fẹ́ dé ibi tó ti ń wọ̀ ọ́ lára jù lọ, ọpọlọ a máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde, kì í sì í dúró kí orin náà tó dé ibẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìrètí fúnra rẹ̀ ti ní adùn. Ó sì ti ní ẹ̀rù pẹ̀lú.

Orí èyí ni Steven Spielberg àti John Williams kọ́ Jaws lé ní ọdún 1975, fíìmù tó dá lórí ẹja ekurá kan tó ń pa àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lókun. Ẹja onírin tí wọ́n ṣe fún fíìmù náà ń bàjẹ́ ṣáá nínú omi òkun, kò sì ṣeé fi hàn púpọ̀. Orin ló wá gba iṣẹ́ ẹja ṣe. Ohùn méjì péré ni Williams fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n falẹ̀, wọ́n wúwo, wọ́n sì ń yára sí i bí ẹja ṣe ń súnmọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí píánò, Spielberg rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ẹ sì kíyè sí ọgbọ́n inú rẹ̀: nígbà tí àwọn ọmọkùnrin méjì fi páálí ṣe lẹbẹ ẹja láti dẹ́rù ba àwọn ènìyàn, orin náà kò dún. Ojú rí ẹja, etí sì mọ̀ pé kò sí ẹja níbẹ̀. Orin ló sọ òtítọ́.

ÌWÒRAN KAN NÁÀ, ÌTÀN MÌÍRÀN

Ẹnì kan lè béèrè pé: ṣé orin ń yí ohun tí a rí padà ní tòótọ́, àbí ó kàn ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́? Ní ọdún 1988, Sandra Marshall àti Annabel Cohen dán an wò. Wọ́n lo fíìmù kékeré kan tí kò ní ènìyàn nínú rárá: ìyẹn ni igun mẹ́ta ńlá kan, igun mẹ́ta kékeré kan àti róbótó kékeré kan tí wọ́n ń rìn kiri. Wọ́n fi oríṣi orin méjì sí i fún àwọn òǹwòran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí orin ṣe yàtọ̀ ni ìdájọ́ àwọn òǹwòran nípa ìwà àwọn àwòrán náà yàtọ̀. Bí orin bá lè mú wa ṣe ìdájọ́ igun mẹ́ta, mélòómélòó ni ènìyàn ẹlẹ́ran ara! Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa a máa fi orin sọ ohun tí àwòrán kò lè sọ. Nínú Ben-Hur, tí William Wyler darí ní ọdún 1959, a kò rí ojú Jésù, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Miklós Rózsa, tó kọ orin rẹ̀, ya orin kan sọ́tọ̀ fún un, tí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi omi du Judah Ben-Hur, tó jẹ́ ẹrú, ní Násárẹ́tì, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bu omi fún un. Ẹ̀yìn ẹni náà nìkan la rí. Orin ló sọ ẹni tó jẹ́ fún wa, ojú ọmọ ogun Róòmù tó fẹ́ dá a dúró tó sì tijú padà sẹ́yìn ló sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Chariots of Fire ti ọdún 1981. Ó sọ ìtàn Eric Liddell, ọmọ Scotland tó kọ̀ láti sáré ọgọ́rùn-ún mítà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1924 ní Paris nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ bọ́ sí, tó sì gba wúrà nínú ìdíje irínwó mítà. Vangelis fi ẹ̀rọ orin ìgbàlódé kọ orin rẹ̀, ẹ̀rọ tí kò tíì sí ní ayé Liddell. Ó yẹ kí ó ta ko ìtàn àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn ọdún 1924 dà bí ọ̀rọ̀ òní. Fíìmù náà àti orin rẹ̀ gba ẹ̀bùn Oscar.

ÌDÁKẸ́JẸ́ NÁÀ Ń SỌ̀RỌ̀

Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó lù ni onílù. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ni ọ̀gá onílù. Nínú Ben-Hur kan náà, tí orin kún inú rẹ̀ bámúbámú, kò sí orin rárá níbi eré ìje kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí gbogbo ayé fi rántí rẹ̀. Pátákò ẹṣin, pàṣán, ìró kẹ̀kẹ́ àti ariwo èrò nìkan la gbọ́. Hitchcock náà, lẹ́yìn Psycho, ṣe The Birds ní ọdún 1963 láìsí orin tó ń bá ìtàn náà rìn. Igbe ẹyẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ló fi rọ́pò rẹ̀. Níbi tí kò sí orin, kò sí ẹni tó ń sọ fún wa bí yóò ṣe parí. Àwa nìkan ló kù pẹ̀lú ohun tí a rí.

A ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò wa kò mọ ìdákẹ́jẹ́. Kíbọ́ọ̀dù á máa dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà mìíràn á bo ọ̀rọ̀ òṣèré mọ́lẹ̀. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, a kì í mọ adùn ẹran inú rẹ̀ mọ́.

NÍGBÀ TÍ ORIN BÁ Ń PURỌ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Ní ọdún 1915, D. W. Griffith gbé The Birth of a Nation jáde ní Amẹ́ríkà. Fíìmù náà fi àwọn aláwọ̀ dúdú hàn bí ẹhànnà, ó sì fi Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ agbénipa tó ń fi aṣọ bojú, hàn bí olùgbàlà. Fíìmù aláìlóhùn ni, nítorí náà ẹgbẹ́ olórin ló ń bá a lọ nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tí àwọn Klan gun ẹṣin jáde láti lọ ṣe iṣẹ́ ibi wọn, orin Wagner tó ń gbéni lọ́kàn sókè bí ìpè ogun ni wọ́n kọ sí i. Àwọn òǹwòran ń hó ìhó ayọ̀. Ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, fi ẹ̀hónú hàn káàkiri. Síbẹ̀, ní oṣù November ọdún kan náà, William Simmons, ẹni tó ti jẹ́ oníwàásù rí, tún ẹgbẹ́ Klan dá sílẹ̀ lórí òkè Stone Mountain ní Georgia. Orin nìkan kọ́ ló fa èyí, ṣùgbọ́n orin wà lára ohun tó mú kí ìwà ìpànìyàn dùn mọ́ ènìyàn nínú. Ẹ̀rí ni pé orin tó dára lè gbé ohun tó burú lérí, kí a sì máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa náà. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò, bí ìkà bá fẹ́ yọ, ìlù ìbílẹ̀ tàbí fèrè ni a ó kọ́kọ́ gbọ́. Bí ẹni rere bá fẹ́ yọ, kíbọ́ọ̀dù òyìnbó ni. Ọmọ tó bá wo irú èyí fún ọdún mẹ́wàá á ti kọ́ pé ìlù baba ńlá òun ni ohùn ibi. Kò sí ẹni tó fi ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Orin ló kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀ kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ bínú sí i nítorí ìlù náà. Ó bá ibòmíràn lọ, ọ̀nà tó sì gbà ló gbé e dé Ọba Kò So. Lónìí, dùndún ń dún nínú ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó ń sá. Ìlù náà kò yí padà. Ohun tí a so mọ́ ọn ló yí padà.

Túndé Kèlání fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Nínú Ṣaworoidẹ ti ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ìlù kì í ṣe àmì ìkà. Ẹlẹ́rìí òtítọ́ ni. Ọba tó kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀ tó sì ń kó wọn nífà, ìlù yẹn ló ń bẹ̀rù ju ìbọn lọ, nítorí bí wọ́n bá lù ú nígbà tó dé adé idẹ, òpin rẹ̀ dé.

KÍ LÓ YẸ KÁ ṢE?

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wo fíìmù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo orin. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí etí wa là.

Ẹ̀yin òbí, bí fíìmù bá ba ọmọ lẹ́rù, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ sì jọ tún ibẹ̀ wò. Ẹ̀rù náà yóò fúyẹ́, ọmọ yóò sì mọ ibi tó ti wá. Ọgbọ́n kan náà yóò ran àgbàlagbà lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti kórìíra ẹnì kan nínú fíìmù kó tó ya ẹnu, ẹ bi ara yín pé: kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀ yàtọ̀ sí orin rẹ̀? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì pàápàá nígbà tí fíìmù bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà mìíràn, ẹ̀sìn mìíràn tàbí àwọn òṣèlú ní àkókò ìdìbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù láàárín wa, ẹ má ṣe fi orin bo ìtàn tí kò dúró mọ́lẹ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ orin, kí ẹ sì san owó rẹ̀ fún un. Ẹ má ṣe jí orin olórin lò. Bí òṣèré bá ti ṣe é dé ojú àmì, ẹ jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù sinmi.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹ ń ṣe àfihàn fíìmù fún ìjọ, ẹ fún àwọn ènìyàn ní àyè lẹ́yìn tí fíìmù bá parí. Ẹ má ṣe béèrè ìpinnu lọ́wọ́ wọn nígbà tí orin ìkẹyìn ṣì ń gbọ̀n lára wọn. Ẹ tan iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bi yín léèrè. Omijé tí orin fà, omijé gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun tí a wò jẹ́ òtítọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ọkàn ti yí padà. Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní sọ fún wa pé dùùrù Dáfídì a máa tu Sọ́ọ̀lù lára. Ìwé kan náà sọ pé nígbà tí Dáfídì ń fi ọwọ́ rẹ̀ ta dùùrù lọ́wọ́ ni Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ lù ú. Orin ṣe ohun tí orin lè ṣe. Èyí tó kù, ọwọ́ Sọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló wà.